Ilẹ̀ ààbò ẹyẹ tí ìbọn ti ń dún

Ìbéèrè: Houston ní Texas ni mo ń gbé, Ìṣẹ́yìn ni ilé bàbá mi, ọdẹ sì ni bàbá mi títí tó fi kú. Ọdún 1974 ni wọ́n bí mi, green card ni mo ní. Òyìnbó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n bá òun lọ pa pẹ́pẹ́yẹ igbó ní Anahuac, lórí ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ààbò ẹyẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Nílé, bí ọdẹ bá gbé ìbọn wọ Old Oyo National Park, kóòtù ni wọ́n á gbé e lọ. Báwo ni ilẹ̀ kan náà ṣe máa jẹ́ ti ààbò, tó tún máa jẹ́ ti ìbọn? Àbí wọ́n kàn ń fi orúkọ ààbò bojú ni? Bí mo bá sì fẹ́ lọ, kí ni kí n ṣe tí n kò fi ní kó sí wàhálà? Mo tún ń rò ó pé bí mo bá rí púpọ̀ pa, àwọn ará wa tó fẹ́ràn ẹran ìgbẹ́ á rà á lọ́wọ́ mi.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ kọ̀wé. Ìparí lẹ́tà yín ni mo máa kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n wà. Ẹ má ta ẹyẹ náà. Ẹ má ta ẹyọ kan ṣoṣo, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín ló fẹ́ rà á, ìbáà ṣe owó epo ọkọ̀ nìkan lẹ fẹ́ rí níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ta ẹyẹ aṣíkiri, ìyẹn ẹyẹ tó ń ti ilẹ̀ kan ṣí lọ sí òmíràn bíi pẹ́pẹ́yẹ, tàbí tó pa á torí àtità, ọ̀ràn ńlá ló dá. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 2. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé green card ló ní, irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í parí sí kóòtù. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ìwé ìgbélùú náà á gbọ́ sí i.

Ẹ lè fi tọrẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ so ìwé pélébé mọ́ ọn, kí ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín síbẹ̀, irú ẹyẹ tó jẹ́, iye rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ pa á, kí ẹ sì bu ọwọ́ lù ú. Ó tán.

Mo mọ̀ pé ó máa ṣàjèjì sí ọmọ ọdẹ. Nílé, ọdẹ ń jẹ, ọdẹ ń tà. Ìyàwó ọdẹ ló ń gbé ẹran yíyan lọ sọ́jà, owó ọ̀hún ni wọ́n sì fi rán ọ̀pọ̀ nínú yín lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n ọjà gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ run ẹyẹ Amẹ́ríkà. Ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọdẹ tó ń pa fún ọjà máa ń de ìbọn ràgàjì kan mọ́ orí ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ. Wọ́n á rọra tù ú lọ bá agbo pẹ́pẹ́yẹ tó ń sùn lójú omi, wọ́n á yìn ín lẹ́ẹ̀kan péré, omi á kún fún òkú ẹyẹ. Rélùwéè ló ń kó ẹran náà lọ sí àwọn ilé oúnjẹ New York àti Chicago. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ṣì rí ibi sá sí. Ẹyẹlé igbó kan tí wọ́n ń pè ní passenger pigeon kò rí. Agbo rẹ̀ máa ń ṣíji bo oòrùn bó bá ń kọjá. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, tí wọ́n sọ ní Martha, inú ọgbà ẹranko Cincinnati ló kú sí ní 1914.

Ní 1916, Amẹ́ríkà bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó ń ṣojú Kánádà nígbà náà, fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹyẹ tó ń ti orílẹ̀-èdè kan ṣí lọ sí òmíràn. Àdéhùn náà di òfin ní 1918. Mẹ́síkò wọlé sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 1936, Japan àti Rọ́ṣíà tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ohun tí òfin náà sọ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹyẹ aṣíkiri, àfi èyí tí ìlànà ọdọọdún bá yọ̀ǹda, ní oṣù tó bá yọ̀ǹda, ní iye tó bá yọ̀ǹda. Títà kúrò nílẹ̀ pátápátá. Bí ọjà ṣe kúrò, ọdẹ tó ṣẹ́ kù ni ẹni tó ń pa èyí tí ilé rẹ̀ máa jẹ. Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀, ikùn rẹ̀ níye. Ọjà kò níye.

Ó kan ìbéèrè yín gangan. Ẹ ní ṣé wọ́n ń fi orúkọ ààbò bojú ni. Rárá o. Ẹ wo ẹni tó san owó ilẹ̀ náà, ẹ ó rí i.

Láàárín 1930 sí 1936, ọ̀dá ńlá dá ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, irú èyí tí eruku fi ń bo odidi ìlú mọ́lẹ̀. Pápá Dakota àti ti Saskatchewan àti Manitoba ní Kánádà, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú pẹ́pẹ́yẹ ti ń yé ẹyin nínú àwọn kòtò omi kéékèèké, gbẹ táútáú. Àwọn àgbẹ̀ ti la ojú àgbàrá sí ọ̀pọ̀ nínú kòtò wọ̀nyẹn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè rí ilẹ̀ gbin àlìkámà. Ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù lójú gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin kan wà ní Iowa, Jay Norwood Darling, tí wọ́n ń pè ní Ding. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ ló ń yà sínú ìwé ìròyìn, kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Ààrẹ Franklin Roosevelt. Ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ ni òun náà, ó sì ń fi gègé rẹ̀ gún ìjọba lára pé wọ́n ń wòran nígbà tí ẹyẹ ń lọ. Roosevelt kò bá a jà. Iṣẹ́ ló gbé fún un ní 1934: ó fi í ṣe olórí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹyẹ àti ẹranko igbó.

Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta, Roosevelt fọwọ́ sí òfin pé ọdẹ tó bá fẹ́ pa pẹ́pẹ́yẹ gbọ́dọ̀ ra sítáǹpù kan ní dọ́là 1. Ding fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán tó wà lórí sítáǹpù àkọ́kọ́: akọ àti abo irú pẹ́pẹ́yẹ kan tí wọ́n ń pè ní mallard, tí wọ́n ń balẹ̀ sórí omi. Sítáǹpù 635,001 ni wọ́n tà lọ́dún náà. Lónìí, dọ́là 25 ni, ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ṣọdẹ pẹ́pẹ́yẹ láìní in. Nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá san, sẹ́ǹtì 98 ló ń lọ sínú rírà àti yíyá àbàtà àti pápá tó yí i ká. Láti 1934 di ìsinsìnyí, ilẹ̀ tí owó yìí ti gbà sílẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 6 éékà. Owó sítáǹpù wà nínú ohun tí wọ́n fi ra Anahuac tí ọ̀rẹ́ yín ń pè yín lọ. Pátákó tó wà ní ààlà irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí àwòrán ẹyẹ aláwọ̀ búlúù tó ń fò wà lórí rẹ̀, Ding náà ló yà á.

Owó mìíràn tún wà tí ẹ ó ti san kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Owó orí ìdá 11 nínú 100 ló wà lórí ìbọn gígùn àti ọta, iléeṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ló ń san án, ẹ̀yin tí ẹ rà á lẹ sì ń gbé e. Òfin 1937 kan ló ní kí owó náà máa padà sọ́dọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ ẹranko igbó. Inú ilẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Texas ń bójú tó, bíi J.D. Murphree lẹ́bàá Port Arthur, irú owó bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí ọdẹ bá wọ ilẹ̀ ààbò ní Amẹ́ríkà, kò wọ ilé onílé. Ó wọ ibi tí òun àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ dá owó rà. Ní 1997, òfin tún ka ọdẹ ṣíṣe mọ́ ohun mẹ́fà tí ará ìlú lè bá wá sí irú ilẹ̀ yìí; ẹja pípa, ẹyẹ wíwò, fọ́tò yíyà àti ẹ̀kọ́ wà lára àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ìbọn lè dé. Ibi tí wọ́n bá rà gẹ́gẹ́ bí ibi ìsinmi ẹyẹ, ní gbogbogbòò òfin kò jẹ́ kí wọ́n ṣí ju ìdá 40 nínú 100 rẹ̀ fún ọdẹ ẹyẹ aṣíkiri. Ìyókù, ẹsẹ̀ ọdẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ tòun ti ìbọn. Ẹyẹ náà tètè ń mọ ààlà yìí. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n á kóra jọ sí òdìkejì pátákó, tí wọ́n á máa wò yín. Àwọn ilẹ̀ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bó bá di ọ̀sán gangan, ìbọn gbọ́dọ̀ dákẹ́, kí ẹyẹ lè padà wá jẹun.

Ẹ má wá tìtorí èyí rò pé mo ní kí wọ́n ṣí Old Oyo fún ìbọn o. Ibẹ̀ di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, òfin rẹ̀ kò fàyè gba ọdẹ, mo sì mọ ìbínú tó bí. Àmọ́ ohun tó mú kí ìbọn ṣeé gbà ní Anahuac ni pé àwọn kan ń ka ẹyẹ náà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti ka ẹran, ìlẹ̀kùn títì ló sàn jù.

Kíkà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Láti 1955, bí oṣù Karùn-ún bá ti dé, àwọn awakọ̀ òfuurufú iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ máa ń fi ọkọ̀ kékeré fò kọjá lórí àwọn pápá Dakota, ìwọ̀-oòrùn Kánádà àti Alaska, lórí ìlà kan náà lọ́dọọdún, wọ́n á sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo. Wọ́n ń ka ẹyẹ, wọ́n sì ń ka kòtò tí omi wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn á fẹsẹ̀ rìn lẹ́yìn wọn láti wo iye tí ọkọ̀ òfuurufú fò dá. Àfi 2020 àti 2021, tí àrùn kòrónà dá iṣẹ́ náà dúró. Ní 2024, iye pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fojú bù ní ibi tí wọ́n ti ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 34.

Iye yìí ló ń bí òfin. Láti 1995 ni wọ́n ti gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń fi iye ẹyẹ àti iye kòtò omi pinnu bí sáà ọdẹ yóò ṣe gùn tó àti iye tí ẹnì kan lè pa lójúmọ́. Ọ̀nà ojú ọ̀run mẹ́rin ni wọ́n pín Amẹ́ríkà sí, níbi tí ẹyẹ ń gbà lọ sí gúúsù nígbà òtútù. Texas wà ní Ọ̀nà Àárín. Pẹ́pẹ́yẹ 6 lójúmọ́ ni tiyín, ṣùgbọ́n ìpín wà nínú ìpín. Pintail, tó gùn lọ́rùn tí ìrù rẹ̀ sì mú ṣóńṣó, ti dín kù gan-an, nítorí èyí ẹyọ kan péré ni wọ́n ń gbà láàyè lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí i. Mottled duck kì í ṣí lọ síbì kankan. Etíkun Texas àti Louisiana ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ń kú sí, ilé rẹ̀ sì ń bọ́ sínú òkun. Ní Texas, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pa á ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ tí sáà bá ṣí. Ó sì jọ abo mallard gan-an! Bí ẹ kò bá dá ẹyẹ mọ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Snow goose, ẹyẹ funfun ńlá tí ọrùn rẹ̀ gùn ju ti pẹ́pẹ́yẹ lọ, ti pọ̀ jù. Oúnjẹ oko àgbàdo àti ìrẹsì ló sanra lé lórí nígbà òtútù, bó bá sì padà sí òkè àríwá Kánádà, á hú koríko ibẹ̀ tìdítìdí títí ilẹ̀ á fi di ẹrẹ̀ lásán. Nítorí náà ni ìjọba ṣe fi àṣẹ àkànṣe kan lélẹ̀ ní 1999: ó jẹ́ kí ọdẹ lè pa á láìsí iye lẹ́yìn sáà gan-an. Kàkà kó dín kù bí wọ́n ṣe rò, ó ṣì pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìbọn kò lágbára tó bí àwọn ọ̀tá rẹ̀ ṣe rò, kò sì lágbára tó bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń fọ́nnu.

Ohun tó lágbára ni omi. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ẹyẹ ṣírò rẹ̀ pé ẹyẹ Àríwá Amẹ́ríkà ti fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 dín kù láti 1970. Ẹyẹ inú pápá, tí ẹnikẹ́ni kì í pa jẹ, ló pàdánù jù. Pẹ́pẹ́yẹ àti àwọn ìbátan rẹ̀, tí wọ́n ń yìnbọn sí lọ́dọọdún, fi ìdá 56 nínú 100 pọ̀ sí i ní tiwọn. Ìyàtọ̀ náà ni pé ẹnì kan ń ra àbàtà fún pẹ́pẹ́yẹ, kò sí ẹni tó ń ra pápá fún ẹyẹ ológoṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kan àwa ará Houston nìyí. Gbogbo ìwọ̀-oòrùn ìlú yẹn, Katy títí dé ìsàlẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà ra ilé sí, oko ìrẹsì àti pápá ni tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, omi á dúró sáàárín pòròpórò, snow goose á bo ilẹ̀ funfun báláú. Àwọn ọdẹ ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá torí rẹ̀. Títì márosẹ̀ dé, ẹ́sítéètì dé, oko lọ. Láti 2012, nígbà tí ọ̀dá mú odò Colorado ti Texas, àwọn tó ń ṣàkóso omi náà kò fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìrẹsì lómi mọ́ fún ọdún mélòó kan, ó sì tún ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Púpọ̀ nínú snow goose wọ̀nyẹn, Arkansas ni wọ́n ń sùn báyìí. Ní 2023, kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tún dín ààbò tí òfin omi ń fún àbàtà kù: èyí tí omi rẹ̀ kò bá so mọ́ odò tàbí adágún lójú ilẹ̀ gbangba kò sí lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn kòtò Dakota tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó bá wá ń fi ojú burúkú wo ọdẹ tó pa mẹ́fà, tó sì ń gbé lórí ibi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyẹ ti ń sùn, kó rọra. Èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni wó ilé rẹ̀. Dọ́là 25 ni mo ní kó san, ìbáà má ṣọdẹ rí. Ẹni tí kò níbọn náà lè ra sítáǹpù, ó sì lè fi í wọ gbogbo ilẹ̀ ààbò ẹyẹ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba owó ẹnu ọ̀nà.

Ó ku bí ẹ ó ṣe ṣe é. Ìbọn ni ká kọ́kọ́ sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní green card lè ra ìbọn ọdẹ, kí ẹ sì mú un rìn, bí kò bá sí ẹjọ́ ọ̀daràn tó dí yín lọ́nà. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú fíísà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, òfin kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ìbọn àfi láwọn ọ̀nà díẹ̀, tí ìwé àṣẹ ọdẹ wà lára wọn. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí lọ́yà kó tó bá yín lọ. Ẹni tí kò níwèé rárá kò gbọ́dọ̀ gbá ìbọn mú, kódà kó jẹ́ láti bá yín gbé e dé ọkọ̀. Mo kọ eléyìí torí mo mọ bí a ṣe máa ń kó ara wa lẹ́yìn lọ síbi gbogbo.

Ní Texas, ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án ọdún 1971 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ kó tó lè dá ṣọdẹ. Ẹ ní 1974 ni tiyín, ó kàn yín. Ẹ lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sọ pé ọmọ ọdẹ ni yín. Ẹ̀kọ́ náà kò gùn, ọ̀rọ̀ nípa bí èèyàn mẹ́ta ṣe ń jókòó sínú ibùba kan láìyìnbọn lu ara wọn wà nínú rẹ̀, ọdẹ tó ń dá igbó wọ̀ nílé kì í sì í sábà kọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ra ìwé àṣẹ ọdẹ ìpínlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ti ẹyẹ aṣíkiri kún un. Wọ́n á bi yín ní iye ẹyẹ tí ẹ pa lọ́dún tó kọjá. Ẹ sọ òtítọ́, torí ìdáhùn yín ni wọ́n fi ń yan àwọn tí wọ́n máa kọ̀wé sí láti mọ iye tí ọdẹ pa. Ẹ ra sítáǹpù ìjọba àpapọ̀. Bó bá jẹ́ ti bébà, ẹ fi bírò bu ọwọ́ lu ojú rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá bu ọwọ́ lù kò ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ bíi Murphree lẹ fẹ́ lọ, ìwé àṣẹ ilẹ̀ gbogbo ènìyàn tún wà, owó rẹ̀ kò pé dọ́là 50 lọ́dún. Anahuac ní ìwé pélébé tirẹ̀, tí òfin ibẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ẹ kà á délẹ̀, torí òfin ilẹ̀ kan kì í ṣe ti èkejì.

Ọta ńkọ́? Òjé ti di èèwọ̀ fún ọdẹ pẹ́pẹ́yẹ jákèjádò Amẹ́ríkà láti 1991, ìdí rẹ̀ sì wà nínú iwe. Pẹ́pẹ́yẹ kò léyín. Òkúta wẹ́wẹ́ ló ń gbé mì, kí iwe rẹ̀ lè fi lọ oúnjẹ. Nínú ẹrẹ̀ àbàtà tí wọ́n ti yìnbọn sí fún ọgọ́rùn-ún ọdún, hóró ọta òjé jọ òkúta wẹ́wẹ́ gan-an. Ẹyẹ náà á gbé e mì, iwe á lọ̀ ọ́, òjé á wọnú ẹ̀jẹ̀. Kò ní lè fò mọ́, ìgbẹ́ rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, á rù, á kú sínú koríko níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Idì tó bá jẹ òkú rẹ̀ á tún kú. Ọta irin ni kí ẹ rà, tàbí ti bismuth, tó rọ̀ ju irin lọ, bó bá jẹ́ ìbọn àtijọ́ tí irin lè ba ẹnu rẹ̀ jẹ́. Kódà bí ọta òjé kan bá wà nínú àpò yín láìyìn ín, ẹ ti jẹ̀bi. Irin fúyẹ́ ju òjé lọ, kì í lọ jìnnà pẹ̀lú agbára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹyẹ sún mọ́ yín dáadáa.

Ìbọn yín kò gbọ́dọ̀ gba ju ọta 3 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi igi ìdínà sí i. Nílé, òru ni ọdẹ ń jáde, pẹ̀lú iná lórí. Ẹ gbàgbé ìyẹn pátápátá. Ìṣẹ́jú 30 ṣáájú kí oòrùn tó yọ ni ẹ lè bẹ̀rẹ̀, bó bá ti wọ̀, ó parí. Ẹ má da àgbàdo tàbí ìrẹsì sílẹ̀ láti fi tan ẹyẹ. Bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ dà á, tí ẹ mọ̀ tàbí tó yẹ kí ẹ mọ̀, ẹjọ́ yín ni, ibẹ̀ sì jẹ́ èèwọ̀ títí ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò. Ère pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tí ẹ ó jù sójú omi, kò sí wàhálà. Fèrè tí ẹ ń fi ẹnu fọn kò sí wàhálà. Ohùn ẹyẹ láti inú fóònù, wàhálà ni.

Èyí tí ẹ bá ta tó ṣubú, ẹ gbọ́dọ̀ sapá dáadáa láti wá a. Bí ẹ bá rí i gbé, ó wà nínú 6 yín. Ẹ má bó ìyẹ́ rẹ̀ tán létí omi. Apá kan tàbí orí gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ títí tí ẹ ó fi délé, kí aṣọ́gbó lè mọ irú èyí tó jẹ́. Èyí tí ẹ lè ní lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní iye: ìlọ́po mẹ́ta ti ọjọ́ kan, ìyẹn 18.

Ọ̀kan tún wà tí mo máa ń kìlọ̀ fún àwọn ará wa. Ẹ ó rí lékeléke ní etí oko Texas, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màlúù, bíi ti ilé gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó kó o wá. Láti Áfíríkà ló fi apá ara rẹ̀ fò kọjá òkun dé gúúsù Amẹ́ríkà nígbà tí ọdún 1900 kò tíì pé, kó tó máa ṣí bọ̀ lókè. Òfin 1918 ń dáàbò bò ó, kò ní sáà ọdẹ kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni àkẹ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó wà nínú àbàtà yẹn. Ẹyẹ tó bá wù yín jẹ kì í ṣe ẹyẹ tí ẹ lè pa.

Ní ti oúnjẹ, irú pẹ́pẹ́yẹ kan tí wọ́n ń pè ní teal ló dùn jù létè tèmi, kékeré ni ṣùgbọ́n ẹran rẹ̀ mọ́. Shoveler, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ṣíbí, ọ̀rá rẹ̀ máa ń rùn. Ẹ bó awọ rẹ̀ kúrò kí ẹ tó fi ata sí i. Àrùn ẹyẹ H5N1 ti wà láàárín àwọn ẹyẹ igbó Àríwá Amẹ́ríkà láti ìparí 2021, nítorí náà ẹ má fọwọ́ kan èyí tí ẹ bá rí tó ń ṣàìsàn tàbí tó ti kú fúnra rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá ń la inú rẹ̀, ẹ má sì ju ìfun tútù fún ajá. Bí ẹ bá sè é dé 165 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ó ti jinná. Àwa kì í kúkú jẹ ẹran pupa nínú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má lọ lọ́jọ́ tí sáà bá ṣí. Èrò máa ń pọ̀, ìbọn á máa dún lọ́tùn-ún lósì, ọkàn ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní balẹ̀. Ẹ bá ọ̀rẹ́ yín lọ ní àárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ láti àríwá, torí òun ló ń lé ẹyẹ tuntun wá. Ẹ ra bàtà rọ́bà tó ga dé àyà. Ẹrẹ̀ Anahuac jin, ejò sì wà níbẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá móoru. Bí ẹ bá pa èyí tí òrùka álúmíníọ́mù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí reportband.gov. Àwọn tó ń bójú tó òrùka wọ̀nyí wà ní Maryland, láti 1920 ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á sọ fún yín ibi tí wọ́n ti fi òrùka náà sí i lẹ́sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n fi í sí i. Ẹ lè tọ́jú òrùka náà.